Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Tó Gbé Yàrá Sínú Bọ́ọ̀sì ní Lugbe

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bàbá Ìbejì,

Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ kú ìdúró ti wẹ́dà, ẹ kú ìdúró ti káfíńtà, ẹ sì kú ariwo ẹ̀rọ agérin tó ń jí gbogbo wa láàárọ̀ Sátidé. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ lò ó pẹ́. Kò sí ọmọdé kan mọ́ ní Federal Housing níbí tí kò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì Sprinter tòkunbọ̀ yín ti di ilé. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, fìríìjì wà, sítóòfù ojú méjì wà, sólà wà lórí òrùlé, kọ́tìnì tí Màmá Ìbejì rà ní ọjà Wuse sì ti bo fèrèsé ẹ̀yìn. "Hòtẹ́ẹ̀lì Bàbá Ìbejì" làwọn ọmọ ń pè é, mo sì ti rí i pé orúkọ náà ń dùn mọ́ yín ju oyè lọ.

Gbangba ni mo ti ń kọ èyí, torí mo ti sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ẹ sì fi ẹ̀rín lé mi dànù. Lọ́jọ́ tí ẹ ń fi ọkọ̀ náà han gbogbo àdúgbò, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ tan iná búlúù abẹ́ ibùsùn, ẹ ní ká wá fọwọ́ kan ìrọ̀rí. Mo wá bi yín pé ìdójútòfò ńkọ́. Ẹ nawọ́ sí gíláàsì iwájú: "Ó wà níbẹ̀. Fifitíìn taosáńdì." Mo ní bí ọkọ̀ bá dákú sójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ fọwọ́ gbá àpò tí fóònù wà: "Mẹkáníìkì mi wà ní Apo." Ẹ̀gbọ́n! Owó ìrọ̀rí méjèèjì yẹn ju owó tí ẹ fi dáàbò bo odindi ọkọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti fifitíìn taosáńdì yẹn. Third party ni ẹ rà. NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìdójútòfò ní Nàìjíríà, ló gbé owó rẹ̀ láti ₦5,000 sí ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023. Bí ẹ bá lọ rọ́ lu Prado ọ̀gá kan ní Berger, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè bá yín tún Prado náà ṣe títí dé ₦3,000,000. Bí ẹ bá ṣe ẹnì kan léṣe, ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Iwájú Sprinter tó wó, fìríìjì tó dojú dé, sólà tó fọ́, kò sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Ẹni tí ẹ kọlù ni ìwé yẹn mọ̀. Kò mọ̀ yín rí.

Mi ò ní kí ẹ má rà á o. Òfin ni, ó sì tọ́ kó jẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ìfẹ́ ọkọ̀ kọ́ ló mú yín rà á, ẹ̀rù ọlọ́pàá ni. Ìgbà tí ọlọ́pàá kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 làwọn ó máa béèrè ìwé náà lójú pópó ni ẹ sáré tọ ọmọkùnrin tó máa ń bá yín ṣe pátíkúlà lọ, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún yín nínú ọ̀rá kan ṣoṣo. Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí askNIID, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń kó orúkọ ọkọ̀ tó ní ojúlówó ìwé jọ sí? Nọ́ńbà ọkọ̀ yín ni ẹ ó kàn tẹ̀ sí i. Bó bá ní òun ò rí yín, páálí lásán ni ẹ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bó bá sì rí yín, ẹ ka irú ọkọ̀ tó kọ síbẹ̀. Mo lè ta tẹ́tẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni yóò pè é. Kò ní sọ̀rọ̀ yàrá, kò ní sọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

Comprehensive, ìdójútòfò tó kan ọkọ̀ tiyín náà, ni ọkọ̀ yín ń fẹ́, mo sì mọ ohun tí yóò jáde lẹ́nu yín tí ẹ bá gbọ́ iye tó jẹ́. NAICOM ní owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ bá dá lé ọkọ̀, kódà lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó. Ká ní bọ́ọ̀sì àti gbogbo ìnáwó inú rẹ̀ jẹ́ ₦20,000,000, ₦1,000,000 nìyẹn lọ́dún kan. Mo ti ń wò yín níbi tí ẹ ti di orí mú. Ẹ ó wá rọra sọ fún wọn pé ₦8,000,000 ni gbogbo rẹ̀, kí ẹ lè san ₦400,000. Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í san ju iye tí ẹ bá kọ lọ. Bí olè bá gbé e lọ, mílíọ̀nù mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ yóò dé, yóò sì dúró. Bí ẹ bá tún wá kọ mílíọ̀nù ọgbọ̀n, iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọn ó wò. Wọ́n ti mọ irú wa tipẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le gan-an ni fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù tí èmi rí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bọ́ọ̀sì àti tírélà ló mọ̀. Kò sí àyè tí ẹ ó ti máàkì ilé tó ń rìn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àbúrò ìyàwó yín ti ń fi fídíò bà yín lórí jẹ́, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún irú ọkọ̀ yìí. Wọ́n á béèrè bóyá inú rẹ̀ ni ẹ ń gbé ní gbogbo ọdún tàbí ẹ kàn ń fi í gbafẹ́, torí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ń fẹ́ ààbò tó jọ ti onílé, tó fi dórí ẹrù rẹ̀ àti àlejò tó bá yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Níbí, ẹ̀yin lẹ ó la ẹnu sọ ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà mọ́ fọ́ọ̀mù: pé ẹ ti yọ àga kúrò, ẹ ti kan ibùsùn mọ́ ọn, ẹ gbé bátìrì sólà sí i, gáàsì wà nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Ẹ fi rìsíìtì wẹ́dà àti ti káfíńtà tì í. Mo mọ̀ pé káfíńtà yín kì í já rìsíìtì. Ẹ ra ìwé rìsíìtì kan fún un, kò wọ́n. Kí ilé-iṣẹ́ náà wá kọ ọ́ sára ìwé ìdójútòfò yín, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Bí aṣojú kan bá ní "Kò séwu, ọ̀gá, a ti mọ̀," ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ sì na bírò sí i.

Ẹ wò ó, mo rí nǹkan lọ́jọ́ tí ẹ ń fi ìrọ̀rí hàn wá. Sìlíńdà gáàsì yín dúró sẹ́yìn àga dẹ́rẹ́bà, okùn ìsáṣọ ni ẹ fi dè é mọ́ òpó. Wáyà tó ti ara bátìrì wá gba abẹ́ ibùsùn lọ, ó sì ń ha ara irin ibùsùn níbi kan. Rọ́bà ara rẹ̀ ti bó níbẹ̀, rewáyà yín sì fi téèpù pupa wé e bí ẹni tó ń di egbò. Mo fi ìka kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo wá fíúsì títí láàárín bátìrì àti ibi tó ń lọ, mi ò rí i. Bí iná bá sọ nínú ọkọ̀ yẹn, ẹni tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá rán wá wo eérú kò ní béèrè àwọ̀ kọ́tìnì. Yóò béèrè ẹni tó sọ fún wọn pé gáàsì ń bẹ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá sì fi ohun tó ṣe kókó pamọ́ lọ́jọ́ tó ń gbàwé, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó fún un. Bẹ́ẹ̀ ni òwò yìí ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Àbújá. Ẹ pe rewáyà padà, kó fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì. Kí wẹ́dà ṣe àgò irin fún sìlíńdà, kó sì dá ihò sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, torí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń sá sí, ibẹ̀ gan-an ni àwọn ìbejì ń tẹ́ ẹní sí.

Omi náà ńkọ́? Lugbe la wà, ẹ kì í ṣe àlejò. Ẹ rántí oṣù Kẹfà ọdún 2023 ní Trademore, ìgbà tí àgbàrá wọ ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí ọkọ̀ rì níbi tí olówó rẹ̀ ti pa á sí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, comprehensive tí ẹ bá kàn rà bẹ́ẹ̀ kò kan ìkún-omi, kò sì kan rògbòdìyàn ìgboro. Àfikún ni wọ́n. Ẹ ó béèrè fún un, ẹ ó sì sanwó díẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Hòtẹ́ẹ̀lì síbi gọ́tà, kí àwa tó kù lè ríbi gbé ọkọ̀ tiwa sí, a dúpẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ tètè ra àfikún yẹn kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó dé.

Ẹ má sì lọ ṣe àṣà yín fún wọn, pé ẹ ó san án tó bá di ìparí oṣù. Oògùn tí a ò fowó ṣe, ẹ̀yìn àárò ní í gbé. Òfin ìdójútòfò ti sọ ọ́ kedere pé ìgbà tí owó bá wọlé ni ààbò bẹ̀rẹ̀, láti 2013 sì ni NAICOM ti múra sí i gidi. Aṣojú tó bá ní kí ẹ máa lọ, pé òun á bá yín fi owó rẹ̀ dí i, ara yín ló ń fi ṣeré.

Mo tún gbọ́ fínrín-fínrín pé ẹ fẹ́ máa fi ọkọ̀ náà háyà fún àwọn ọmọ ìlú òkèèrè tó ń wọlé ní Detty December, kí ẹ máa gbé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú tó wà nítòsí wa yìí. Ọgbọ́n owó ni, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnì kan bá ti san kọ́bọ̀ wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ aládàáni ti di ọkọ̀ èrò, ìwé aládàáni kò sì ní bá yín dá sí i. Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó gbé èrò àkọ́kọ́, tàbí kí ẹ jẹ́ ká máa jẹun nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wá ku ti ẹni tí yóò gbé yín dìde lójú ọ̀nà, èyí ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹ ní Ikogosi lẹ fẹ́ kọ́kọ́ lọ, kí àwọn ìbejì lè rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ìrìn tó dára ni. Ẹ ó bọ́ sí Airport Road, ẹ ó kọjá Giri, Gwagwalada, Kwali, Abaji, Koton Karfe, kí ẹ tó rí Lokoja. Láti 2006 ni wọ́n ti gbé ọ̀nà yẹn fún àwọn agbaṣẹ́ṣe pé kí wọ́n sọ ọ́ di aláwẹ́ méjì; ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lónìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omi odò Ọya gun orí rẹ̀ lápá Koton Karfe, àwọn èèyàn sun ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Kí alternator wá kú láàárín Abaji sí Koton Karfe ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mẹkáníìkì Apo yín, èèyàn dáadáa ni, ó ti bá mi tún ọkọ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n kó tó ra pààtì, kó tó jáde ní Apo, kó tó la gó-sílóò Gwagwalada já, ilẹ̀ á ti ṣú. Ẹ ó ní ibùsùn ṣáà wà. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn, òun náà ló sì ń bà mí lẹ́rù: ilé ni ẹ gbé dání, ẹ ò sì gbọdọ̀ sùn síbi tó bá kú sí. Ní ọ̀nà yẹn lóru, kò sẹ́ni tó ń fa kọ́tìnì kó sùn. Ajínigbé kò ní béèrè bóyá ìgbafẹ́ lẹ wá ṣe. Iná búlúù abẹ́ ibùsùn yẹn ló máa fi mọ ibi tí ẹ wà. Ẹni tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, kó dé kí ilẹ̀ tó ṣú ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò lára ẹni tó bá ní òun ń ṣe ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà, orí èyí ló dúró lé.

Ẹ fi 122 sórí fóònù yín àti ti Màmá Ìbejì. FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé torí bẹ́líìtì nìkan ni wọ́n ṣe dá wọn sílẹ̀ ní 1988, ẹ jẹ́ kó yé yín pé gbígba ẹ̀mí là lójú ọ̀nà wà nínú iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n jàǹbá ni ẹ ó pè wọ́n sí. Wọn ò ní bá yín tú alternator.

Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan máa ń fi owó ìwọ́kọ̀ sínú comprehensive. Ẹ béèrè iye tó jẹ́, kí ẹ tó máa fò sókè; mo ti rí èyí tí kò lè gbé Corolla láti Lugbe dé Wuse. Àwọn mìíràn ń ta káàdì ìrànlọ́wọ́ lọ́tọ̀, wọ́n á kọ wákàtí mẹ́rìnlélógún sí i gàdàgbà. Wákàtí gbígbé fóònù ni o. Kí ẹ tó san, ẹ pe nọ́ńbà wọn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ní Abaji lẹ wà. Bí ẹni tó gbé e bá béèrè pé ìpínlẹ̀ wo ni Abaji wà, ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ bi wọ́n bóyá ọkọ̀ ìwọ́kọ̀ wọn lè gbé Sprinter tó ru ibùsùn, bátìrì àti jálá omi, torí èyí tó ń fi ìkọ́ gbé ọkọ̀ kékeré yóò kàn ba ẹsẹ̀ iwájú yín jẹ́ ni. Bí wọ́n bá gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ pẹrẹsẹ, ẹ rántí pé sólà ti fi kún gíga rẹ̀, wáyà NEPA kò sì ga ní gbogbo abúlé. Ibo ni wọn ó gbé e lọ? Èèyàn inú rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ó kó wọn, àbí ọkọ̀ nìkan?

Tí ẹ bá bi èmi, màá ní kí ẹ ra comprehensive pẹ̀lú àfikún omi, kí ẹ gba owó ìwọ́kọ̀ tó bá bá a wá, kí ẹ sì fi owó káàdì yẹn wá mẹkáníìkì kan ní Gwagwalada àti òmíràn ní Lokoja. Ẹ lọ bá wọn lójú ara yín kí ìrìn àjò tó yá. Kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n mọ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ bá wọn pa owó ìpè lóru. Káàdì tí kò kọjá Giri, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ó ku táyà. Jálá omi ti gba àyè ibi tí sípíà wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti ti sípíà sábẹ́ ibùsùn. Kí ẹ tó lè pààrọ̀ táyà, ẹ ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì, ẹ ó gbé pákó, ẹ ó gbé àpótí aṣọ Màmá Ìbejì, gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí tírélà sìmẹ́ńtì láti Obajana ti ń fẹ́ atẹ́gùn lù yín. Ẹ gbé sípíà lọ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ sì ra jáàkì tó lè gbé ọkọ̀ náà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà náà: 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017. Tiyín tó wà lẹ́yìn lápá òsì, mo kà á, mi ò fẹ́ dá yín lójú tì níwájú ayé.

Ti Kútọnu àti Lomé tí ẹ tún ń dá lábàá, ìwé third party Nàìjíríà kò kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Brown Card ECOWAS lẹ ó gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín, èyí tí wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnu gan-an lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982. Ẹni tí ẹ bá kọlù níbẹ̀ lòun náà wà fún. Ti ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀, ẹ béèrè bóyá comprehensive yín ń rìn kọjá ẹnubodè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Ikogosi ná.

Tí ẹ bá ń lọ, àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Màá ru ìrẹsì àti ẹran wá. Ṣùgbọ́n ẹ fi fọ́tò ìwé náà, ojú ewé tí wọ́n kọ gáàsì àti sólà sí, ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò kí n tó lọ sọ́jà.

Èmi ni,
Àbúrò yín, ojúlé kejì.

Mo gbàgbé: Màmá Ìbejì ti ka lẹ́tà yìí kí n tó fi í síta. Àwọn ni wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ okùn ìsáṣọ yẹn sí i, pé àwọn ti ń wá okùn náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.